Ìdérí Tuntun Lórí Ihò Àtijọ́

Ẹni tó bá ní omi kì í ṣàn gòkè, ẹni náà ò gbé abẹ́ ilé rí. Nínú ilé alájà mẹ́ta kan tí wọ́n fi bíríkì pupa kọ́, omi ti ń ṣàn gòkè fún ọdún mẹ́fà gbáko, ojú balùwẹ̀ abẹ́ ilẹ̀ ló sì ń gbà jáde. Bí àwọn ará òkè bá fọ abọ́, tí wọ́n fọ aṣọ, tí wọ́n wẹ̀, tí wọ́n fa omi tọ́lẹ́ẹ̀tì, ihò omi tó wà láàárín balùwẹ̀ ìsàlẹ̀ á kọ́kọ́ kùn bí ikùn ẹni tí ebi ń pa, lẹ́yìn náà á wá pọ gbogbo ohun tí wọ́n fún un. Ìdílé kan ṣoṣo ló ń nu èébì ilé odindi.

Obìnrin tó ń nu ún ni wọ́n ń pè ní Ìyá Ìsàlẹ̀. Òun kọ́ ló sọ ara ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ilé ìwòsàn ló ti ń fọ ilẹ̀ jẹun, ọdún kẹtàlá rèé, bó bá sì di ọ̀rọ̀ ilẹ̀ fífọ̀, kò sí dókítà tó lè dúró níwájú ẹ̀ kó máa ṣàlàyé. Onítáìsì lọkọ ẹ̀. Ọkùnrin náà ti tẹ́ táìsì sílé olówó títí débi pé ojú lásán ló fi ń mọ ilẹ̀ tó dagun, ṣùgbọ́n bí ọ̀bẹ ṣe mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara ẹ̀: sìmẹ́ńtì dúdú tó ti sán ni wọ́n ń dúró lé wẹ̀ nílé tiẹ̀. Ìyá ọkọ ń gbé lọ́dọ̀ wọn, ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan sì wà níbẹ̀. Yàrá méjì ni gbogbo wọn há sí, fèrèsé wọn ò sì ga ju bàtà àwọn tó ń kọjá lójú títì lọ.

Ìbẹ̀rù ló gbé táìsì dé balùwẹ̀ yẹn. Onílé gbọ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìlú ń yẹ yàrá abẹ́ ilẹ̀ wò láti ojúlé dé ojúlé, pé èyí tí wọn ò bá fọwọ́ sí, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gba owó ilé lórí ẹ̀ mọ́. Ó kan tiẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì, ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Ọkùnrin tó fi ọdún mẹ́fà sọ pé òun ò rówó ra kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn wá di ọ̀làwọ́ lọ́jọ́ kan. Ó ra táìsì funfun. Ó ra ìdérí ihò omi tuntun, irin tó ń dán yinrin, tí èèyàn lè wojú nínú ẹ̀ fá irùngbọ̀n. Ó wá fa onítáìsì sí kọ̀rọ̀.

"Má fọwọ́ kan ihò yẹn o. Gé etí ẹ̀ díẹ̀, fi ìdérí bò ó, kí táìsì yí i ká. Bó bá ti ń dán, wọ́n á fọwọ́ sí i. Ilé mi kejì ń dúró dè ọ́, gbogbo ilẹ̀ ẹ̀ látòkè délẹ̀, ìwọ ni mo fẹ́ kó ṣe é."

Onítáìsì ní, "Mo ti gbọ́, sà."

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ tí a ń wí yìí, táìsì ti bo ilẹ̀ balùwẹ̀ náà, ó ku àárín. Àárín yẹn ò ju àyè tí èèyàn lè gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì lé lọ, ibẹ̀ sì ni ihò àtijọ́ la ẹnu sí. Ọjọ́ ìsinmi Ìyá Ìsàlẹ̀ ni. Ó mú ìgbálẹ̀ onígi wọlé láti bá ọkọ ẹ̀ gbá erùpẹ̀ kúrò, ó sì fi ìdí igi ẹ̀ gún etí ihò kó lè ṣí sìmẹ́ńtì tó gan mọ́ ọn. Irin etí ihò náà ò dún kọ̀ọ̀, kò dún kàà. Ó kàn rún bíi búrẹ́dì ọjọ́ mẹ́rin. Ó tún gún un. Igi wọ ẹ̀gbẹ́ lọ, ó ń lọ, ó ń lọ, ó tó ìwọ̀n apá kan kó tó dúró. Nígbà tó fà á yọ, ẹrẹ̀ dúdú ló lẹ̀ mọ́ ọn, òórùn tó sì tẹ̀ lé e jáde kì í ṣe òórùn ọṣẹ.

"Bàbá ọmọ mi," ó ní, "ẹ wá wo nǹkan."

Onítáìsì ń po sìmẹ́ńtì lẹ́nu ọ̀nà. Kò dìde.

"Mo ní ẹ wá. Páìpù ò sí níbí."

"Báwo ni páìpù ò ṣe ní sí níbẹ̀? Níbo lomi ń gbà lọ láti ọjọ́ yìí?"

"Ohun tí mò ń bi yín náà nìyẹn."

Apá ọ̀tún ni igi náà wọ̀. Ògiri ló wà lápá ọ̀tún, ibùsùn ọmọ wọn ló sì wà lẹ́yìn ògiri. Ìyá Ìsàlẹ̀ fi ojú wọn ọ̀nà náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọmọ yẹn ti dùbúlẹ̀ sílé ìwòsàn lọ́dún yìí nítorí ibà àti inú rírun. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni dókítà bi í pé ṣé omi ìdọ̀tí ò sí nítòsí ibi tọ́mọ ń sùn. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló fi ìgbéraga dáhùn pé rárá o, àwa máa ń fọ ilẹ̀ wa.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Nígbàkígbà tí omi bá padà wá, tí wọ́n bá sì pe onílé, èsì kan náà ló máa ń fọ̀: irun ni. Irun àwọn obìnrin yín ló ń dí i. Wọ́n gbà á gbọ́. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, onítáìsì á se omi gbígbóná, á bu bílíìṣì sí i, á dà á sínú ihò, á wá ti wáyà bọ̀ ọ́. Ìdì irun díẹ̀ á sì jáde lóòótọ́, nítorí irun ò wọ́n nínú balùwẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ni Ìyá Ìsàlẹ̀ bá gbé abẹ. Ó fá orí ara ẹ̀, ó fá ti ìyá ọkọ, ó mú ọmọ jókòó sáàárín orókún ẹ̀, ó fá tiẹ̀ náà, ọmọ ń sunkún. Ọdún kẹta rèé tí àwọn ọmọ iléèwé ti ń pe ọmọbìnrin náà ní Kodoro. Orúkọ yẹn ti mọ́ ọn lára débi pé ó máa ń jẹ́ ẹ.

Ìyá Ìsàlẹ̀ jáde lọ bá ọkọ ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó fi ẹrẹ̀ ìdí igi hàn án.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ oníṣẹ́ ilẹ̀, tẹ́ ẹ ti wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú balùwẹ̀ yìí láti ọjọ́ Ajé, ẹ ò rí i?"

Onítáìsì ń po sìmẹ́ńtì tó ti pò tán.

"Ẹ ti rí i."

Ó da omi díẹ̀ sí sìmẹ́ńtì náà.

"Ọjọ́ wo?"

"Ọjọ́ Ajé," ó ní, ohùn ẹ̀ ò ju ti ẹ̀fọn lọ. "Àmọ́ kí lo fẹ́ kí n ṣe? Iṣẹ́ oṣù méjì ló wà nílé kejì yẹn. Láti ìgbà òjò ni mi ò ti ríṣẹ́ gidi. Jẹ́ ká bò ó ná. Tó bá yá, màá rọra tún un ṣe."

"Tó bá yá! Ẹni tó bá tẹ́ táìsì lé nǹkan, ṣé ó tún máa ń padà wá fọ́ ọ? Ẹ̀tẹ̀ lẹ fi sílẹ̀, tẹ́ ẹ̀ ń pa làpálàpá, bàbá ọmọ mi. Orí omi ìgbẹ́ lọmọ yín ń sùn."

"Jọ̀ọ́, fi ihò yẹn sílẹ̀. Sìmẹ́ńtì ń gbẹ."

Ìyá Ìsàlẹ̀ wò ó títí. Ó padà sí balùwẹ̀, ó dojú bọ́kẹ́ẹ̀tì dé ihò náà, ó jókòó lé e, ó sì gbá ìró ẹ̀ mọ́ itan.

"Ó yá," ó ní. "Ẹ wá tẹ́ táìsì lé mi lórí."

Ariwo yẹn ló gbé ìyá ọkọ dìde. Ìyá àgbà yìí ò fẹ́ràn ìjà kó tó jẹun, ṣùgbọ́n bó bá ti jẹun tán, kò sí ìjà tí ò lè dá sí. Ó fara ti férémù ilẹ̀kùn, ó wo ìyàwó ọmọ ẹ̀ lórí bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó wo ọmọ ẹ̀ pẹ̀lú sìmẹ́ńtì lọ́wọ́.

"Kí ló dé tí ilé ń hó láàárọ̀ yìí? Ìyàwó mi, kúrò níbẹ̀ kí ọkọ rẹ rí iṣẹ́ ẹ̀ ṣe. Ohun tí onílé bá wí la máa ṣe. Ọwọ́ ẹ̀ ni òrùlé wa wà."

"Òrùlé kẹ̀, Ìyá? Ìsàlẹ̀ ni mò ń sọ." Ó na igi ìgbálẹ̀ sí i. "Ẹ gbóòórùn ẹ̀. Ibi tó wọ̀ ni abẹ́ ibùsùn ọmọ-ọmọ yín."

Ìyá àgbà gbóòórùn igi. Ó yíjú sí ọmọ ẹ̀. "Ṣé o mọ̀?"

Onítáìsì yí ojú sí sìmẹ́ńtì. Ìyá àgbà wọ ilé ìdáná lọ, wọ́n ń gbọ́ bó ṣe ń ro ṣúgà. Nígbà tó padà, ife tíì kan àti búrẹ́dì tó fi ẹyin sí ló gbé wá, ó gbé e lé ìyàwó lórí itan. Onítáìsì dúró, ó ń wo ọwọ́ ìyá ẹ̀ bóyá ife kejì ń bọ̀. Kò sí ife kejì. Ìyá àgbà kọjá lára ẹ̀ bí ẹni tó ń kọjá lára ògiri.

Orí bọ́kẹ́ẹ̀tì náà ni Ìyá Ìsàlẹ̀ ti fi fóònù pe púlọ́ḿbà. Bàbá Ẹ-rọra ni wọ́n ń pè é, nítorí kò sí ohun tó lè ṣẹlẹ̀ láyé tí kò ní kọ́kọ́ sọ pé ẹ rọra. Ó dé láàárín wákàtí kan, ó ká ọwọ́ aṣọ, ó dọ̀bálẹ̀ sórí táìsì, ó ti ọwọ́ bọ ihò títí dé èjìká. Nígbà tó yọ ọ́, ìpẹ́pẹ́ irin kún àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀.

"Ẹ rọra," ó ní. "Ẹ ò ní ihò omi o. Ihò lásán lẹ ní. Irin yìí ti jẹ ara ẹ̀ tán, ó sì ti wó lọ síwájú, ó dí ọ̀nà ńlá tí omi gbogbo ilé ń gbà lọ síta. Bí omi òkè bá dé ibi tó dí, apá kan á padà gba ibí yìí yọjú sí yín, apá kan á wọ inú ilẹ̀."

"Irun ńkọ́?" Ìyá Ìsàlẹ̀ bi í.

"Irun wo?"

Obìnrin náà gbé ọwọ́ lé orí ara ẹ̀.

"Kí ni àtúnṣe ẹ̀?"

"Àtúnṣe ẹ̀ ò le. Ẹ fọ́ ilẹ̀ láti ihò yìí dé ìdí ògiri, ká gé irin jíjẹrà kúrò, ká fi páìpù rọ́bà tuntun rọ́pò ẹ̀, ká fún un lọ́rùn kọ́lọkọ̀lọ tí omi á máa dúró sí kí òórùn má bàa jáde, ká wá fi ìlẹ̀kùn kékeré sí i, èyí tó ń ṣí síta nìkan. Bí omi bá lọ, kò ní lè padà. Iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan ni." Ó nu ọwọ́. "Àmọ́ mi ò lè na òòlù sí ilẹ̀ onílẹ̀. Táìsì tuntun tún ni. Ẹni tó tẹ́ ẹ, tó ń gbé ibí, tó bá fọ́ ọ, mo wà níbí."

Ìyá Ìsàlẹ̀ ní kí ìyá àgbà bá òun mú ìgò tó wà lẹ́yìn àpótí aṣọ. Owó tó wà nínú ẹ̀, ó ní ohun tó fẹ́ fi ṣe, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó kó o lé púlọ́ḿbà lọ́wọ́, bàbá náà lọ ra páìpù. Nígbà tó dé, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó gbé páìpù funfun náà dábùú itan, ó ń dúró de ẹni tó máa kọ́kọ́ na òòlù.

Ó ku àwọn ará òkè. Bí wọ́n bá dami, kò sí ẹni tó máa lè ṣiṣẹ́ nínú ihò. Ṣùgbọ́n bí Ìyá Ìsàlẹ̀ bá dìde lórí bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó mọ̀ pé kó tó gòkè kó tó sọ̀, ìdérí tuntun ti wà níbẹ̀. Ó jókòó, ó ń rò ó. Ìyá àgbà wá tu bàtà sílẹ̀ lẹ́nu balùwẹ̀.

"Dìde," ó ní. "Lọ jíṣẹ́ tó o fẹ́ jẹ́. Màá bá ọ jókòó tì í. Ẹni tí ìyá ẹ̀ bá bí dáadáa, kó wá tì mí kúrò níbí."

Onítáìsì fi ọwọ́ bojú.

Ní àjà kìíní ni Tíṣà ń gbé, ọkùnrin kan tí kì í wọ ẹ̀wù mìíràn bí kò ṣe funfun. Ó ń fọ ẹ̀wù lọ́wọ́ nígbà tí Ìyá Ìsàlẹ̀ kan ilẹ̀kùn. Abọ́ omi búlúù tí wọ́n ń fi ṣan aṣọ funfun wà lórí síńkì ẹ̀, omi inú ẹ̀ dúdú lójú bí ojú ọ̀run tó ṣú.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kẹ́ ẹ má da omi kankan nù lónìí títí màá fi pè yín. A fẹ́ ṣí ihò omi."

"Ó kúkú yẹ kẹ́ ẹ ṣí i," Tíṣà ní. "Kì í ṣe pé mo fẹ́ bú yín o, Ìyá Ìsàlẹ̀, àmọ́ òórùn yín ń dé ọ̀dọ̀ wa. Ìmọ́tótó borí àrùn. Mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ."

"Òórùn wa."

"Tìsàlẹ̀ yín níbẹ̀ yẹn."

Ìyá Ìsàlẹ̀ wo omi búlúù náà. Ó ní, "Ẹ ṣeun, sà. Ẹ má tíì dà á nù," ó sì gun òkè lọ bá Oníbúrẹ́dì. Obìnrin yẹn ń ṣe búrẹ́dì tà láti inú ilé ìdáná ẹ̀, abọ́ ìpòyẹ̀fun mẹ́fà sì wà nílẹ̀ tó ń dúró de fífọ̀.

"Ká má da omi? Èmi? Lọ́jọ́ iṣẹ́?" Oníbúrẹ́dì fi ọwọ́ oníyẹ̀fun gbá ìbàdí. "Ìyá Ìsàlẹ̀, ẹ̀yin ló níhò, ẹ̀yin ló nìyọnu ẹ̀."

"Bámúbámú ni mo yó, ìyá wa. Ẹ kàn fún mi di aago mẹ́ta. Bí mo bá pè yín, kẹ́ ẹ da gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ wá sọ̀ kalẹ̀ wá wò ó."

"Wo kí ni?"

"Ibi tí tiyín máa ń lọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni Oníbúrẹ́dì ò lè gbé mì. Ó ní òun á dúró di mẹ́ta, kì í ṣe nítorí ẹnikẹ́ni, ó kàn fẹ́ rí àfojúdi tó ń gbé inú obìnrin yìí dé òpin. Láàárín ìgbà yẹn, ó ti dúró lórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú Tíṣà, wọ́n ti jọ gbà pé ará ìsàlẹ̀ kì í gbọ́ràn, àti pé ó ní irú èèyàn tó máa ń gbé ìsàlẹ̀.

Nígbà tí Ìyá Ìsàlẹ̀ padà dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀, ó gbọ́ ohùn ọkọ ẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé. Ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí fóònù. "Ẹ tètè máa bọ̀, sà. Ìyàwó mi ni ò jẹ́ n ṣiṣẹ́. Rárá, sà. Kò gbọ́ tèmi, sà."

Ó dun Ìyá Ìsàlẹ̀ dé eegun. Ọdún mọ́kànlá ló ti fẹ́ ọkùnrin yìí, wọ́n ti jà lórí ìrẹsì tó jóná, lórí ẹ̀gbọ́n tó wá kí wọn tí kò lọ mọ́, ṣùgbọ́n kò fẹjọ́ òun sun ará ìta rí. Ó kọjá lẹ́yìn ẹ̀. Ó lọ gba bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ìyá ọkọ.

Aago mẹ́ta kù díẹ̀ nígbà tí onílé dé. Bàtà ẹ̀ dúdú, ó ń dán, ó sì ń tò ó sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń rìn láàárín ẹyin. Ọmọ ti dé láti iléèwé, ó dúró ti ìyá àgbà. Tíṣà àti Oníbúrẹ́dì wà lórí àtẹ̀gùn, wọ́n jókòó sókè púlọ́ḿbà. Onílé wọ balùwẹ̀, ó dúró sórí táìsì funfun, ó wo Ìyá Ìsàlẹ̀ lórí bọ́kẹ́ẹ̀tì.

"Madámù, ṣé orí ń dà yín rú ni? Mo tún ilé ṣe fún yín, ẹ jókòó lé e."

"Ihò yìí ti jẹrà, sà. Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ ẹ̀."

"Ihò ò ṣe nǹkan kan. Mo ti sọ fún yín láti ọjọ́ yìí wá. Irun ni."

Ìyá Ìsàlẹ̀ tú gèlè orí ẹ̀. Ìyá àgbà náà tú tiẹ̀, lẹ́yìn náà ó ṣí fìlà kúrò lórí ọmọ. Orí mẹ́ta ń dán nínú yàrá náà.

"Irun ta ni, sà?"

Onílé wo orí kan, ó wo èkejì, kò wo ti ọmọ. "Bí kì í bá ṣe irun, àkísà ni. Ìdọ̀tí yín ṣá ni. Kò sí ìdọ̀tí ẹlòmíì níbí."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ìyá Ìsàlẹ̀ dìde, ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì kúrò, ó lọ sí ìdí àtẹ̀gùn. "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ lọ da omi búlúù yín nù. Ìyá wa, ẹ fọ abọ́ yín. Ẹ ṣí gbogbo ẹ̀rọ omi."

Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ di pé à ń bẹ̀ wọ́n. Láàárọ̀ ni wọ́n ti ń wá ẹni tó máa sọ bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn dún gìrìgìrì gòkè, omi bẹ̀rẹ̀ sí í ró nínú ògiri. Onílé rẹ́rìn-ín, ó ní kí ni gbogbo eré yìí. Ihò náà kùn. Ó tún kùn. Omi yọ orí, ó búlúù bí aṣọ iléèwé, ìyẹ̀fun pípò funfun ń léfòó lójú ẹ̀ gbìrìgbìrì. Ó tàn sórí táìsì funfun, ó yí bàtà dídán ká.

Tíṣà ti sọ̀ kalẹ̀. Ó wo omi náà. Ó wo gbogbo aṣọ ìdílé náà tí wọ́n sá sórí okùn lẹ́nu balùwẹ̀: kò sí ẹyọ funfun kan níbẹ̀.

"Omi tèmi nìyẹn," ó ní.

Oníbúrẹ́dì lẹ́yìn ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wo ohun funfun tó ń léfòó. Ó mọ ìyẹ̀fun ara ẹ̀.

"Bí irọ́ lọ fún ogún ọdún," ìyá àgbà ní, kò parí òwe náà.

Onílé yọ áńkáṣíìfù, ó nu ìmú. Ohùn ẹ̀ wá rọ̀. "Ó dáa. Mo ti rí i. Ẹ gbọ́ mi: ẹ bò ó lónìí. Kí àwọn tó ń bọ̀ lọ́la wá, kí wọ́n lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, mo fi Ọlọ́run búra, a óò pààrọ̀ ẹ̀."

"Ihò tó ṣí sílẹ̀ lẹ ò rí fún ọdún mẹ́fà, sà. Ṣé èyí tẹ́ ẹ bá bò lẹ máa wá rí?"

"Ẹ kó kúrò nílé mi! Ní ìparí oṣù, kí n má bá ẹnì kan níbí!"

"A ti gbọ́." Ìyá Ìsàlẹ̀ padà wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò náà. "Bí ẹ bá lé wa, a ó lọ. Àmọ́ títí oṣù á fi parí, ọmọ mi ò ní sùn lórí ìgbẹ́ mọ́. Aago mẹ́wàá ọ̀la, bí wọ́n bá dé, yálà wọ́n bá páìpù tuntun níbí, yálà wọ́n bá ihò yìí ní gbayawu, kí èmi náà dúró tì í kí n máa fi hàn wọ́n. Èyí tó bá wù yín."

Onílé yí ẹ̀yìn sí i bí ẹni pé kò gbọ́. Onítáìsì ló kọjú sí. Ó rántí láti rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ọkùnrin ni ẹ́, bàbá. Dá àwọn obìnrin yìí lóhùn. Nu omi yìí kúrò, mú ìdérí, kó o parí iṣẹ́ ẹ. Ilé kejì ṣì wà níbẹ̀."

Gbogbo ojú lọ sára onítáìsì. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri níbi tó ti dúró láti ìgbà tí onílé ti dé. Ó wo ìdérí tó ń dán. Ó wo ilẹ̀ tó fi ọjọ́ mẹ́ta tẹ́, ìlà tó wà láàárín táìsì kan àti èkejì gún régé, kò sí ọ̀gá níṣẹ́ náà tó máa rí àbùkù níbẹ̀. Ó wo orí ọmọ ẹ̀. Ọmọ náà ti ń wá fìlà ẹ̀ lọ́wọ́ ìyá àgbà nítorí àlejò wà níbẹ̀, ojú ń tì í.

Onítáìsì kúnlẹ̀. Onílé mí kanlẹ̀, ó ní, "Ṣé ẹ rí i."

Ìdí ògiri ni onítáìsì kúnlẹ̀ sí, kì í ṣe àárín. Ó gbé irin ìfọ́lẹ̀ ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ, ó gbé e lé àárín táìsì tó kọ́kọ́ tẹ́ ní ọjọ́ Ajé, ó sì na òòlù mọ́ ọn. Táìsì náà là sí mẹ́rin. Ó kó àfọ́ ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sún sí èyí tó tẹ̀ lé e, ó tún na òòlù.

"Kí lò ń ṣe? Táìsì ta lò ń fọ́ yẹn?"

Kò dáhùn. Ó fọ́ ẹ̀kẹta. Eruku funfun bà lé irùngbọ̀n ẹ̀, omi búlúù ń wọ sòkòtò ẹ̀ lórúnkún. Lórí àtẹ̀gùn, Bàbá Ẹ-rọra dìde, ó gbé páìpù lé èjìká, fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó rọra. Tíṣà ti ń sáré gòkè, ohùn ẹ̀ ń dún lórí àtẹ̀gùn pé kí Oníbúrẹ́dì bá òun pa ẹ̀rọ omi, kí ẹnikẹ́ni má da nǹkan kan nù títí di ọ̀la. Ìyá Ìsàlẹ̀ ò sún kúrò níbi tó wà. Ó ń wo ẹ̀yìn ọkọ ẹ̀, ó ń wo òòlù bó ṣe ń lọ sókè bó ṣe ń bọ̀ nílẹ̀, omi lé ròrò sójú ẹ̀, kò nù ún.

Ẹ̀karùn-ún fọ́. Òòlù dé ibi tí bàtà dúdú méjì wà nínú omi. Onítáìsì gbé irin dúró, ó gbójú sókè wo onílé, ó sì sọ̀rọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, bó ṣe máa ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ gbé ẹsẹ̀ yín. Èyí tó kàn lẹ dúró lé."

Onílé gbé ẹsẹ̀ ẹ̀.